Kóńgò àti Pẹpẹ Màmá Deborah

Ó yẹ kí a kéde ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, kí ó má baà di ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ lábẹ́lẹ̀: Ìyáàfin Morìnsọ́lá Akínbọ̀dé, ará Ìkọ̀lé-Èkìtì, kì í ra ohunkóhun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó, kó, kó. Yóò wá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò di ojú kan, yóò sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ọjà náà bá ní í sọ. Bó ṣe ń ra iṣu nìyẹn, bó ṣe ń ra ìkòkò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ra mátírẹ́ẹ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mátírẹ́ẹ̀sì kò dá a lóhùn. Àwọn kan ní àdúgbò sọ pé ó kan àyà olóògbé ọkọ rẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn wá sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Irọ́ ni wọ́n pa. Èjìká ló kàn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ní oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, láti Òyè títí dé Ìdó, kí ìjọba tó ní kó máa lọ sinmi. Ó wá lọ sinmi sí Ìkọ̀lé, nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbà kọjá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọpẹ́olúwa, wà ní Kánádà. Ìyá rẹ̀, Màmá Deborah, wà ní Ayédé. Nínú ibi méjèèjì yìí, Kánádà ló sún mọ́ ọn jù, nítorí pé Kánádà máa ń pè é lójoojúmọ́. Màmá Deborah ní fóònù, ṣùgbọ́n inú àpótí aṣọ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí kí ó má baà gbó.

Ọ̀rọ̀ Màmá Deborah yìí gan-an ni kò jẹ́ kí olùkọ́ rí ìsinmi náà sin. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ń dá gbé nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Ilé náà dára. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ṣálángá, tó wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn igi ọsàn, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ẹsẹ̀ Màmá yọ̀ níbẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ títí aládùúgbò kan fi gbọ́ orin ìjọ tó ń kọ. Kò ké pe ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò fẹ́ dí àwọn èèyàn lọ́wọ́, pé ńṣe ni òun ń kọrin kí wọ́n lè mọ ibi tí òun wà bó bá wù wọ́n láti mọ̀. Ọlọ́run ṣeun, eegun kankan kò kán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, Morìnsọ́lá kì í lè sùn.

Ó gbéra, ó di Ayédé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé ní Ìkọ̀lé."

"Nínú ulé tó ń mu omi yẹn?" ni Màmá wí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níhà ọ̀dọ̀ wa nìyẹn: ulé ni ilé, uṣu ni iṣu, uyán sì ni iyán tí a kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lé lórí.

Màmá mọ ohun tó ń sọ. Ó ti sùn ní Ìkọ̀lé rí. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi tó wà nínú ilé náà nígbà yẹn jẹ́ irú ti àtijọ́, tí agolo ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba omi tó garawa kan. Bí èèyàn bá fà á, yóò bú ramúramù bí ìgbà tí afárá já. Màmá fà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dúró, ó wo omi náà títí ó fi lọ tán, ó sì jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé òkú dé.

"Morìn," ló wí, "omi tí mo fi ń se uyán fún gbogbo ulé bàbá rẹ, òun lẹ fi ń lé ìtọ̀ lọ? Ìtọ̀! Kí ló ṣe yín tí ẹ ń lé e?"

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọge, odò ni wọ́n ti ń pọnmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì gùn ún padà wálé pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Nítorí náà, ní ìyókù àkókò tó lò ní Ìkọ̀lé, àárín ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé ló ń lọ ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá fi ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Màmá." Kò pẹ́ tó fi wọkọ̀ padà sí Ayédé.

Nígbà tí Morìnsọ́lá wá kúnlẹ̀ báyìí tí kò dìde, Màmá ronú díẹ̀, ó wọ inú ilé lọ, ó sì mú kóńgò rẹ̀ jáde. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà lọ́jà ni Màmá Deborah fi ń wọn ohun gbogbo, omi pẹ̀lú.

"Lọ́jọ́ tí o bá rí èyí tí kò mu ju kóńgò méjì lọ, wá pè mí. Kóńgò mi ni kí o fi wọ̀n ọ́n o. Mo mọ bí àwọn ará Ìkọ̀lé ṣe ń tẹ ìdí kóńgò tiwọn wọnú."

Bí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ṣe di ẹni tó ń wá tọ́ílẹ́ẹ̀tì kiri nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn mọ́ Ọpẹ́olúwa nínú. Lórí fóònù, ojú rẹ̀ ń tàn yànrànyànràn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kúkú tún gbogbo ilé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀. Mo rí ṣáwà kan tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò ńlá, tí omi ń dà láti òkè rẹ̀ bí òjò gan-an."

"Òjò ni mo ń sá fún, ìwọ tún fẹ́ kó òjò wọlé."

"Mọ́mì, gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ló ní in."

"Ìyá mi kì í sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé ni mo fẹ́ kó wá."

Ọmọ dáadáa ni Ọpẹ́olúwa. Ó fi ṣáwà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya àwòrán ilé ìdáná ránṣẹ́: pẹpẹ gígùn kan láti ògiri dé ògiri, tí èèyàn yóò ti máa gé ẹ̀fọ́, tí yóò ti máa ro ọbẹ̀, tí yóò ti máa fọ àwo, tó sì ga dé ìbàdí ẹni tó ga. Morìnsọ́lá ga, bàbá rẹ̀ ló jọ. Ó wo àwòrán náà, ó yìn ín, ó ní ó péye. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rántí ìbàdí yìí.

Rótìmí ló bá a lọ sí Adó. Rótìmí ni pọ́lọ́mbà tó mọ gbogbo páìpù inú ilé náà bí ọkùnrin ṣe ń mọ ẹbí ìyàwó rẹ̀: ó mọ èyí tó ń jò, ó mọ èyí tó ń díbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wọ̀ jẹ́ ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Bímpé, ọmọge tó múra dáadáa, tó sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà. Ó rò pé òun ti rí gbogbo wọn.

Morìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kó, kó, kó. Ó kan ẹ̀rọ omi aláwọ̀ wúrà kan, ìyẹn dún bí ọmọrí ìgò. Ó gbé e, kò wúwo.

"Ike ni wọ́n fi wúrà kùn, àbí?" ló bi Bímpé.

"Mọ́mì, rọ́bà líle ni."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó kan èyí tó tẹ̀ lé e, tí kò dán tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dún gan-an bí agogo ọmọdé, ó sì wúwo lọ́wọ́. Idẹ ni. Rótìmí fi hàn án pé asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń po atẹ́gùn mọ́ omi, tó fi jẹ́ pé omi díẹ̀ ni yóò máa jáde, ṣùgbọ́n yóò kún ọwọ́ bí ẹni pé ó pọ̀.

"Ẹ̀tàn ni," ni Morìnsọ́lá wí.

"Ẹ̀tàn rere ni, Mọ́mì. Bí pásítọ̀ tó ń sọ pé òun fẹ́ parí ìwàásù."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn rere." Ṣùgbọ́n ó rà á.

Wọ́n wá dé ibi àwọn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Oníbàárà méjì dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó yọ kóńgò jáde nínú báàgì rẹ̀, Bímpé rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ran arúgbó lọ́wọ́.

"Mọ́mì, àwa kì í ta gàrí níbí o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Kóńgò mélòó ni èyí ń mu lẹ́ẹ̀kan?"

"Kóńgò kẹ̀? Lítà ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀."

"Ìyá mi kò mọ lítà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Rótìmí, gbé omi."

Bímpé ti so díẹ̀ nínú wọn mọ́ omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí àwọn èèyàn lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é kò le: Rótìmí pa omi tó ń wọ agolo ẹ̀yìn, ó tẹ bọ́tìnì, omi lọ; Morìnsọ́lá wá ń fi kóńgò bu omi dá a padà títí ó fi dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, tó dán jù lọ nínú gbogbo wọn, mu kóńgò mu kóńgò, ó tún ń kán tó, tó, tó lẹ́yìn tó ti yó, bí ẹni tó jẹun tán tó ń pọ́n ìka lá. Wọ́n fi í sílẹ̀. Èkejì kò mu omi púpọ̀. Rótìmí ju bébà díẹ̀ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́, omi lọ, bébà kò lọ. Bébà náà dúró síbẹ̀ ó ń wò wọ́n.

"Èyí kò mu omi, kò sì ṣiṣẹ́," ni Morìnsọ́lá wí. "Mo ti kọ́ irú rẹ̀ rí ní kíláàsì kẹta."

Ẹ̀kẹta ní bọ́tìnì méjì, kékeré àti ńlá. Àwo rẹ̀ nípọn, ó ń dán títí dé inú kọ̀rọ̀ tí ojú kì í dé, ó sì dún gbọ́ngbọ́n nígbà tí wọ́n kàn án. Wọ́n tẹ bọ́tìnì kékeré. Bébà lọ. Morìnsọ́lá bu kóńgò kan dá padà. Ó bu ìkejì. Omi dé ojú ìlà rẹ̀, kò lé, kò dín.

Ó gbé kóńgò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ bọ́tìnì náà, ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, láti mọ̀ bóyá yóò há, títí Bímpé fi bẹ̀ ẹ́ pé ọjà náà kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n sanwó rẹ̀ tán tí wọ́n ń jáde, àwọn oníbàárà tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn yóò rò pé àlejò tó pọ̀ ló wà nínú ilé náà tí wọn kò rí ọ̀nà jáde.

Ọ̀rọ̀ pẹpẹ ilé ìdáná ló kù. Ọpẹ́olúwa fẹ́ máàbù funfun. Káfíńtà àdúgbò dábàá pákó tí wọ́n lẹ fọmáíkà mọ́. Ọkùnrin tó ń gé òkúta ní gíráníìtì dúdú alámì tóótòòtó ni òun yóò fún ìyá òun. Morìnsọ́lá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gba ègé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó kàn wọ́n bó ṣe yẹ, ó wá ro epo pupa sí wọn, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé wọn, ó sì gbé ìkòkò iṣu tó ń hó kà wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Nígbà tó dé, ọsàn ti jẹ ojú máàbù, ó ti pàdánù dídán rẹ̀, epo sì ti fi àmì sí i bí èélá. Fọmáíkà ti wú bí àkàrà. Ó nu gíráníìtì, gíráníìtì náà dà bí ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n máàbù yẹn lẹ́wà, Mọ́mì," ni Ọpẹ́olúwa ń wí láti Kánádà.

"Ó lẹ́wà. Gbé e kọ́ sára ògiri yín níbẹ̀."

Wọ́n gbé gíráníìtì dé, wọ́n tò ó láti ògiri dé ògiri. Ọkùnrin olókùúta gé ojú ihò níbi tí agbada tí wọ́n ti ń fọ àwo yóò wà, ègé tó gé kúrò níbẹ̀ sì jẹ́ odidi, onígun mẹ́rin, dídán, ó fẹ̀ tó tíréè ńlá. Rótìmí rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, èyí tó ṣẹ́kù yìí, ẹ ò ní nǹkan fi ṣe, àbí?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyàwó mi ló máa gbé tẹlifíṣọ̀n lé e. Inú ẹ̀ á dùn."

Ó fún un. Wọ́n fi òkúta náà ti ògiri lẹ́yìn ilé kó wá gbé e. Ó mú ọlọ́kadà wá, ọlọ́kadà gbé e wò, ó kí wọn pé ó dàárọ̀. Ìkejì náà kí wọn. Òkúta náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Morìnsọ́lá lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ayédé. Ohun àkọ́kọ́ tó wò ni báàgì tí Màmá gbé dání. Báàgì kékeré ni, ti ẹni tó ń lọ kí èèyàn. Kò yọ ojú rẹ̀ kúrò lára báàgì náà títí wọ́n fi dé.

Màmá wọ ilé ìwẹ̀ tòun ti kóńgò rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Morìnsọ́lá àti Rótìmí dúró sí ìta bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Wọ́n gbọ́ ìró kékeré kan, ṣìnnn, ó sì dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró kóńgò lára agolo ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ó ti tán?" ni Màmá bèèrè.

"Ó ti tán, Màmá."

"Kò pariwo."

"Kì í pariwo, Màmá."

"Ó ní ẹ̀kọ́," ni Màmá Deborah wí, ó sì gbàdúrà gígùn fún ẹni tó ṣe é, ẹni tó tà á, ẹni tó rù ú àti Rótìmí tó so ó mọ́lẹ̀. Rótìmí ṣe àmín débi pé ohùn rẹ̀ há.

Morìnsọ́lá rò pé ó ti parí. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná. Màmá wo gíráníìtì náà láti òpin dé òpin, ó ní, "Ó mà dára o." Ó mú iṣu kan lórí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Ó wá di pé pẹpẹ náà dé Màmá láyà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́ọ̀pá dá dúró, ó gé iṣu náà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ yẹ̀. Ó rọra fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó tún ní, "Ó mà dára o, Morìn. Ẹ ṣeun." Ó lọ jókòó sí pálọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Ọwọ́ yẹn ló dẹ́rù ba Morìnsọ́lá. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n ní ìyá, kò rí ọwọ́ Màmá Deborah rí kó wà lórí itan lásán. Ó máa ń wà nínú ẹ̀gúsí, nínú ẹ̀wà, lára iṣu, lórí orí ọmọ tí wọ́n ń dì. Nísinsìnyí ó kàn wà níbẹ̀, bí ọwọ́ àlejò tó ń dúró kí wọ́n gbé omi wá fún òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí wọ́n bá òun wo ọkọ̀ Ayédé.

"Kí ló kù, Màmá? Ṣé omi náà pọ̀ jù ni?"

"Omi kò ṣe nǹkan kan. Ulé yín dára. Mo ti rí yín, inú mi dùn, ẹ jẹ́ n máa lọ sí ulé mi."

"Màmá, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Òjò ṣì pọ̀ níwájú."

"Màá máa kọrin," ni Màmá dáhùn.

Morìnsọ́lá wọ ilé ìdáná lọ, ó fọwọ́ ti pẹpẹ rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun. Láti ojú fèrèsé ló ti rí ìyá rẹ̀. Màmá kò tíì di ẹrù. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó sì ń bẹ iṣu àná. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Ó ń kọrin.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí olùkọ́ ìtọ́jú ilé sọ fún ara rẹ̀ lákòókò yìí, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ìgbà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ pé gíga pẹpẹ ìdáná gbọ́dọ̀ bá ìgúnpá ẹni tó ń dáná mu. Ó máa ń ya obìnrin kan sójú pátákó, obìnrin náà máa ń dúró ṣánṣán. Kò yàwòrán ìyá rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kì í dúró dáná. Orí àpótí ló ti tọ́ gbogbo wọn, àpótí kékeré ìjókòó yẹn, ìgúnpá rẹ̀ kò sì ga ju orókún lọ. Ó ti kan gbogbo nǹkan tó wà ní Adó, kò rántí kan èyí.

Bó ṣe ń wo ìyá rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí òkúta tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí òkúta náà ni Rótìmí yọ láti ìta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó wá gbé ìjókòó tẹlifíṣọ̀n ìyàwó rẹ̀.

"Rótìmí, má gbé e!"

"Mọ́mì, ẹ ti fún mi kẹ̀."

"Mo mọ̀ pé mo fún ọ."

"Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ó ti nu ibẹ̀ sílẹ̀."

"Èmi fúnra mi á bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀. Wo Màmá."

Rótìmí wo Màmá. Ó wo àpò sìmẹ́ńtì. Ó wo òkúta. Ó pòṣé, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ.

"Ìyàwó mi á pa mí," ló wí. "Búlọ́ọ̀kù wo lẹ fẹ́, ti inṣi mẹ́fà àbí mẹ́sàn-án?"

Nínú ilé ìdáná, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, wọ́n to búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé òkúta náà lé e, ó sì mọ ní gíga àpótí. Rótìmí kò tíì tán. Ó ní bí òun yóò bá jìyà, kí òun kúkú jẹ ẹ́ pé. Ó fa páìpù kúkúrú kan wá sísàlẹ̀, ó so ẹ̀rọ omi idẹ kan mọ́ ọn, èyí tó ní asẹ́ lẹ́nu, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó yóò dé. Gbogbo bó ṣe ń so ó, ó ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó so ó dáadáa.

Wọ́n pe Màmá wọlé. Ọpẹ́olúwa ti wà lórí fóònù, wọ́n fi í ti ìkòkò kó lè máa wò. Màmá fa àpótí sún mọ́ ibẹ̀, ó jókòó, ó wo òkúta náà. Ó wá ká ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kó, kó, kó. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ojú kan, ó ń gbọ́.

"Mọ́mì," ni ohùn Kánádà wí jẹ́jẹ́, "ṣé Màmá náà máa ń kan nǹkan ni?"

Morìnsọ́lá wo oríkèé ìka tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kan nǹkan káàkiri ayé, kò bi ara rẹ̀ rí pé ọ̀dọ̀ ta ni òun ti rí i.

Màmá ṣí ẹ̀rọ omi, ó wò ó bó ṣe ń rọra kún ọwọ́ rẹ̀, ó pa á. Ó gbé iṣu tó ń bẹ wá, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta, ó gé e. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó gé èkejì. Láìgbójú sókè ló wí pé:

"Morìn, ẹni tó bá ń lọ sí Ayédé, kó bá mi gbé odó mi bọ̀."

Ẹni tó bá mọ obìnrin Èkìtì yóò mọ̀ pé kò sí ohun tó tún kù láti bèèrè. Obìnrin lè gbé báàgì lọ kí èèyàn, ṣùgbọ́n ibi tí odó rẹ̀ bá wà ni ilé rẹ̀ wà. Takisí gbé odó náà dé lọ́jọ́ kẹta. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọmọ-odó wà lẹ́yìn láàárín àwọn èrò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Morìnsọ́lá gbé ọpẹ́ lọ sí ilé Ọlọ́run. Àlùfáà bi í pé orí kí ni kí àwọn fi ọpẹ́ náà lé, ó ní kí wọ́n sọ pé orí pẹpẹ kékeré àti bọ́tìnì kékeré. Àlùfáà kà á jáde bẹ́ẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín, nítorí pé wọ́n rò pé inú Bíbélì ló ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní òbí kan rí tí ẹ̀rù òjò ń bà yín lórí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò jìnnà sí inú Bíbélì. Òjò máa ń ṣú ní Ìkọ̀lé báyìí, Morìnsọ́lá a sì fa aṣọ bo orí, a sun oorun rẹ̀. Ìyàwó Rótìmí gba àwo iyán títí ó fi dárí jì wọ́n. Rótìmí fúnra rẹ̀ máa ń wá wò bóyá páìpù kékeré náà ń jò. Kò jò rí. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló sì máa ń wá wò ó.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà nínú ilé náà tí kò sí nínú àwòrán Ọpẹ́olúwa. Láti orí àpótí rẹ̀, Màmá Deborah ń rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kedere, ó sì mọ̀ ní kóńgò-kóńgò iye omi tó ń wọ táǹkì ilé náà, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí kànga àwọn aládùúgbò ti ń ṣàfihàn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jáde níbẹ̀ tí kò bi. Ó bi ẹ̀gbọ́n, ó bi àbúrò, ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tọrọ omi mu. Àlùfáà wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó lọ wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó jáde, Màmá sì gbójú sókè láti orí iṣu.

"Kékeré tàbí ńlá?"

Ẹni Ọlọ́run ni àlùfáà, ó jẹ́wọ́ pé ńlá ni. Màmá ní kó lọ pọn omi kóńgò kan ní kànga aládùúgbò, kó gbé e wá dá padà sínú táǹkì.

Nísinsìnyí tí ẹ ti jókòó ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀, tí Màmá Deborah kò sì sí nítòsí: èwo gan-an lẹ tẹ̀ láàárọ̀ yìí?